Ẹmu Ilẹ̀ Wa àti Ìtọ́jú Igi Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé yín ni ti ẹmu: bí a ti ń dá a, ohun tí ń sọ ọ́ di kíkan, àti gbèsè tí a jẹ igi rẹ̀.

Oríṣi méjì ni a mọ̀ jù. Èkíní ni ẹmu ọ̀pẹ. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ, a gé orí òdòdó akọ rẹ̀, a sì so agbè mọ́ ọn. Ọ̀pẹ náà kì yóò tìtorí èyí kú. Èkejì ni ògùrọ̀, tí ń hù ní àbàtà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń yọ òdòdó ní ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà a kú. Kí òdòdó yìí tó yọ ni a ń dá orí rẹ̀ fún ẹmu.

Nígbà tí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, ó dùn, kì í sì í pani bí ọtí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀; iṣẹ́ wọn ni ìfófòó tí a ń rí. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti di ọtí. Bí ó bá sì sùn mọ́jú, àwọn mìíràn a sọ ọ́ di kíkan. Louis Pasteur, ará Faransé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí wáìnì, ní 1866, pé bí a bá mú wáìnì gbóná díẹ̀ láìjẹ́ kí ó hó, kì yóò tètè bàjẹ́. Ọ̀nà yìí ni NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Benin, gbà dì ẹmu sínú ìgò.

Wáìnì tí a ń lò ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àjàrà ni a fi ń ṣe é. Ní Visperterminen, lórí òkè ilẹ̀ Switzerland, a ń gbin àjàrà títí dé gíga 1,150 mítà. Níbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ fi òkúta mọ ògiri sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí òjò má bàa gbá ilẹ̀ lọ. Ibi tí wáìnì bá ti pẹ́, ẹnì kan ni ó tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀.

Àwa ńkọ́? A ń dá ògùrọ̀, a kò gbìn ín. Iyanrìn sì ń bo àbàtà Èkó nítorí ilé. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ létí odò gbin èso ògùrọ̀ dípò èyí tí a dá. Kí ẹni tí ń mu sì mọ ìwọ̀n: ẹ̀bùn Ọlọ́run ni igi, ṣùgbọ́n àṣejù kì í ṣe ẹ̀bùn Rẹ̀.