Pípe fọ́ńkíṣọ̀n oníyekíye láti inú èdè BASIC

Pípe fọ́ńkíṣọ̀n oníyekíye láti inú èdè BASIC ni ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ ní BASIC fi ń lo fọ́ńkíṣọ̀n kan tí ó wà nínú làíbúrárì òde, nígbà tí iye ágúmẹ́ǹtì tí fọ́ńkíṣọ̀n náà ń gbà kò dúró sójú kan. Ágúmẹ́ǹtì ni ohun kọ̀ọ̀kan tí ètò fi lé fọ́ńkíṣọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ó bá pè é. Làíbúrárì òde ni àkójọ àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tí a ti kọ tẹ́lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní èdè C, tí ètò mìíràn lè yá lò. Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ ni `printf`, tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti nọ́ḿbà jáde. Kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ tó lè yọrí sí rere, ètò tí ó ń pè àti fọ́ńkíṣọ̀n tí a pè gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mẹ́ta: ẹni tí yóò palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìpè, iye ágúmẹ́ǹtì, àti irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́.

Ìpilẹ̀

John Kemeny àti Thomas Kurtz ni wọ́n dá BASIC sílẹ̀ ní Dartmouth College, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 1964, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà lè lo kọ̀ǹpútà. Èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs, jáde lẹ́yìn náà. Nítorí pé ìlànà C ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ làíbúrárì ń tẹ̀lé, BASIC ni ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ lọ́nà tí C yóò fi yé e.

Ìlànà ìpè

Lórí kọ̀ǹpútà x86 oníbíìtì 32, a máa ń to àwọn ágúmẹ́ǹtì léra wọn bí àwo sí apá kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní stack. Lẹ́yìn ìpè, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kó wọn kúrò. Nínú ìlànà `stdcall`, fọ́ńkíṣọ̀n tí a pè ni ó ń kó wọn; nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ti mọ iye wọn ṣáájú. Nínú ìlànà `cdecl`, ètò tí ó pè ni ó ń palẹ̀ mọ́. Nítorí pé òun ni ó to àwọn ágúmẹ́ǹtì náà, ó mọ iye wọn. Ìdí nìyí tí fọ́ńkíṣọ̀n oníyekíye fi ń lo `cdecl`. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé `stdcall` ni ọ̀pọ̀ fọ́ńkíṣọ̀n Windows oníbíìtì 32 ń lò, `wsprintf` tí ó wà nínú `user32.dll` yàtọ̀: `cdecl` ni tirẹ̀.

Lílò nínú FreeBASIC

FreeBASIC fàyè gba fọ́ńkíṣọ̀n oníyekíye ní tààrà. Àmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, `...`, ni a fi ń fi hàn pé àwọn ágúmẹ́ǹtì mìíràn lè tẹ̀lé èyí tí a dárúkọ:

`Declare Function printf Cdecl Alias "printf" (ByVal ilana As ZString Ptr, ...) As Long`

`printf(!"%s: %d\n", "Iwe", CLng(12))`

Ìpè yìí yóò tẹ «Iwe: 12» jáde. Àmì `!` ni ó jẹ́ kí `\n` di ìlà tuntun.

Lílò nínú Visual Basic

`Declare` ti Visual Basic 6 kò mọ ìlànà mìíràn ju `stdcall` lọ. Bí a bá fi pe fọ́ńkíṣọ̀n `cdecl`, stack kì í bá a mu mọ́ lẹ́yìn ìpè, ètò náà a sì fi àṣìṣe 49 hàn. Ọ̀nà àbáyọ kan ni `DispCallFunc`, tí ó wà nínú `oleaut32.dll`, nítorí pé ó fàyè gba ẹni tí ó ń pè láti yan ìlànà ìpè. Nínú Visual Basic .NET, a lè lo `DllImport` pẹ̀lú `CallingConvention.Cdecl`, kí a sì kọ ìkéde ọ̀tọ̀ fún oríṣi ìpè kọ̀ọ̀kan. `ParamArray` kò lè rọ́pò ìwọ̀nyí: ńṣe ni ó ń kó àwọn ágúmẹ́ǹtì jọ sínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tí C kò lè kà.

Irú àti ìwọ̀n ágúmẹ́ǹtì

`printf` kò ní ọ̀nà kankan láti mọ ohun tí a fi ránṣẹ́ sí i ju àwọn àmì inú ìlànà títẹ̀ lọ. `%d` ń retí nọ́ḿbà odidi oníbíìtì 32, `%f` ń retí `Double`, `%s` sì ń retí àdírẹ́sì ọ̀rọ̀. Bí a bá fi `Double`, tí ó gba báìtì 8, sí ipò `%d` lórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32, báìtì 4 péré ni `printf` yóò kà, gbogbo ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì yẹ̀ kúrò ní àyè wọn. Bákan náà, `Integer` ti FreeBASIC jẹ́ bíìtì 64 lórí ètò oníbíìtì 64. Bí nọ́ḿbà inú rẹ̀ bá tóbi ju ohun tí bíìtì 32 lè gbà lọ, `%d` yóò gé e kù. `Long` ni ó bá `%d` mu. `LongInt` ni ó bá `%lld` mu.

Lórí x86 oníbíìtì 64, inú rẹ́jísítà ni àwọn ágúmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ máa ń wà. Lórí Linux, ẹni tí ó ń pè tún gbọ́dọ̀ fi sínú rẹ́jísítà `AL` iye tí àwọn rẹ́jísítà nọ́ḿbà onídẹ́símà tí ó lò kò kọjá. Lórí Windows, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà nọ́ḿbà onídẹ́símà sínú rẹ́jísítà nọ́ḿbà odidi pẹ̀lú. Nítorí náà, ìkéde tí kò ní `...` lè ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀ pàápàá.

Ààbò

Bí àmì bá pọ̀ ju ágúmẹ́ǹtì lọ, `printf` yóò ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láti inú ìrántí kọ̀ǹpútà. Nítorí èyí, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ tí òǹlò tẹ̀ wọlé ṣe ìlànà títẹ̀. `printf("%s", oro)` ni ó tọ́, kì í ṣe `printf(oro)`. Bí òǹlò bá tẹ `%s` tàbí `%n` sínú ọ̀rọ̀ náà, ètò lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì, ó lè tú àṣírí inú ìrántí síta, `%n` sì lè kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ. Kọ̀ǹpáílà BASIC kì í sábà ṣe ìkìlọ̀ nípa irú àṣìṣe yìí. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ ètò ni àyẹ̀wò náà wà.