Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ohun Tí Ọ̀wọ́ngógó Náírà Fi Yé Wa Nípa Owó Orí Fóònù

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìgboro wa tí ọ̀pọ̀ àgbà sọ pé ojú àwọn kò rí irú rẹ̀ rí: owó fúnra rẹ̀ di ọjà tí à ń ná. Ẹni tí ó ní 100,000 náírà ní báńkì, tí fóònù rẹ̀ sì ń fi iye náà hàn án kedere bí ẹni ń fi ọbẹ̀ han ẹni tí ebi ń pa, a jí ní kùtùkùtù, a gba ìkóríta lọ bá oní-POS, a sì máa bẹ̀ ẹ́ kí ó jọ̀wọ́ ta 5,000 náírà fún òun. Oní-POS yóò wò ó lókè, yóò wò ó nílẹ̀, yóò ní 1,000 náírà ni owó iṣẹ́ òun, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tò lójú ìlà níwájú ẹ̀rọ ATM kan láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí, nígbà tí ó sì ku ẹni mẹ́ta kí ó kàn mí, ẹ̀rọ náà dákẹ́, ọlọ́dẹ ilé owó náà sì jáde wá sọ fún wa tìtìjú-tìtìjú pé owó ti tán.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìlówó lọ́wọ́ ni baba ìjayà. Ṣùgbọ́n ìjayà ti oṣù yẹn ní ojú tirẹ̀, nítorí kì í ṣe aláìní nìkan ni ó bá lálejò: owó ń bẹ, kò ṣe é ná ni. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé owó orí fóònù kò yẹ ilẹ̀ wa, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé àwọn ará wa ni wọ́n ya òpè tí wọn kò mọ ọ̀làjú. Èmi kò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó jẹ̀bi, ará ìlú kọ́ ni ó sì jẹ̀bi. Àṣẹ tí ó dí ọ̀nà àtijọ́ pa kí ọ̀nà tuntun tó là tán, òun ni kí ẹ jẹ́ kí a mú wá síwájú ìgbìmọ̀.

Bí àṣẹ náà ṣe jáde

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni Godwin Emefiele, tí ó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé a óò pa àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà dà. Àlàyé rẹ̀ kò ṣàì ní làákàyè nínú: ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tí a ti tẹ̀ síta, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí ní ilé owó kankan, pé abẹ́ ìrọ̀rí àti inú àpótí ni ó sùn sí. Ó ní àwọn ayédèrú owó ń pọ̀ sí i, àwọn ajínigbé sì ń fi owó gidi gba owó ìtúsílẹ̀. Ohun kan tún wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ìdìbò ààrẹ ń bọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, àwa tí a sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ "dìbò kí o sebẹ̀" mọ̀ pé àpò owó olóṣèlú kì í gba ilé báńkì kọjá.

Owó tuntun bọ́ sí ìgboro ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, wọ́n sì ní títí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní nìkan ni a lè ná ti àtijọ́ mọ, kí wọn tó sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ohun tí kò pé ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n kọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Àwọn ènìyàn gbọ́ràn, wọ́n kó owó àtijọ́ wọn lọ sí báńkì. Nígbà tí wọ́n padà lọ gba tuntun, wọn kò bá a níbẹ̀. Kí oṣù Kejì tó parí, iye owó tí ó kù nígboro ti wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 982 náírà, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó wà kí àṣẹ náà tó jáde.

Ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Zamfara gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ náà sì pàṣẹ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì pé kí wọ́n dá gbèdéke náà dúró ná. Ní ọjọ́ 16, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ fún orílẹ̀-èdè pé 200 náírà àtijọ́ nìkan ni a lè máa ná. Ta ni kí ọlọ́jà gbọ́ tirẹ̀, adájọ́ ni tàbí ààrẹ? Ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀ àti ní Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí, ìbínú bọ́ sí títì, wọ́n sì fọ́ ilé owó. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí ọdún yóò fi parí. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, wọ́n mú gbèdéke náà kúrò pátápátá. Àtijọ́ àti tuntun jọ ń rìn pọ̀ lónìí nínú àpò kan náà, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí.

Owó kò rìn, ọ̀rọ̀ ni ó rìn

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n béèrè ni pé: bí owó bébà bá wọ́n, èé ṣe tí a kò kàn fi tiransifá rọ́pò rẹ̀ kí ayé máa lọ? Kí ìdáhùn lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí a bá tẹ fóònù.

Nígbà tí mo bá fi 2,000 náírà ránṣẹ́ sí aláta láti orí fóònù mi, kò sí náírà kan tí ó kúrò lójú kan. Báńkì mi yọ 2,000 kúrò lára orúkọ mi nínú ìwé tirẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ rán ilé-iṣẹ́ alárinà tí gbogbo báńkì Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí à ń pè ní NIBSS, èyí tí ó ti ń gbé irú iṣẹ́ ojú-ẹsẹ̀ báyìí láti ọdún 2011. Alárinà fi ọ̀rọ̀ náà rán báńkì aláta, báńkì aláta fi 2,000 kún orúkọ rẹ̀, ó sì dá èsì padà. Bí àrokò ayé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí: ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ bọ̀. Bí ó bá lọ tí kò bọ̀, wọ́n ti yọ owó mi, ti aláta kò sì wọlé. Èmi ń fi álẹ́ẹ̀tì tèmi hàn án, òun ń fi òfìfo tirẹ̀ hàn mí, àwa méjèèjì kò purọ́, síbẹ̀ ìjà ti dé.

Ní oṣù Kejì yẹn, gbogbo ẹni tí ń ra iyọ̀ àti ẹni tí ń wọ ọkọ̀ já lu ojú ọ̀nà tóóró yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà àwọn báńkì tí a ṣe fún ìwọ̀n ẹrù kan rí ẹrù mìíràn lórí, àwọn ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lọ́nà, èrò sì ya lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun bí OPay àti PalmPay, tí àrokò tiwọn ń tètè dé. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, tàbí tí kò sí iná mànàmáná tí fóònù yóò gbà, ìyẹn kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Olówó tí ìjọba ní òun ń lé kò tò sórí ìlà kankan. Aláta, oní-kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àgbà tí ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni oòrùn pa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí owó yí padà mọ́ wa lọ́wọ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rù owó tuntun. Ajé ògúgúlùsọ̀ ti pààrọ̀ aṣọ lára lójú wa nígbà púpọ̀. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ná, a sì fi í kọ́ èdè wa ní ìṣirò: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín pọ̀ sórí okùn kan, okùn márùn-ún di igbíwó, igbíwó mẹ́wàá di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù orí ènìyàn. Erékùṣù Maldives ni ẹyọ wọ̀nyí ti ń wá láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹyọ ńlá olówó pọ́ọ́kú wá láti ìhà Zanzibar sí Èkó akéte àti àwọn èbúté wa gbogbo. Ẹyọ kún ilẹ̀ bí iyanrìn, agbára rẹ̀ sì rọ. Nígbà tí ṣílè dé, a fi ẹyọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ṣílè fúyẹ́, ó sì dúró lórí iye rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà kan fún ṣílè mẹ́wàá, ọjà kò sì tú ká.

Gbígbé owó fún ẹni tí a kò rí níṣojú kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Èsúsú ti wà kí báńkì tó dé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e kọjá òkun, tí ó fi jẹ́ pé ní Trinidad títí di òní, "susu" ni wọ́n ń pè é. Alájọ Ṣómólú tí a fi ń pòwe, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ni ó jẹ́ bí kò ṣe ìwé ìṣirò tí ń gun kẹ̀kẹ́? Ohun tí ó mú kí àwọn ìyá wa máa fún un lówó lójoojúmọ́ ni pé bí oṣù bá parí, owó náà yóò padà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé pé mo lè gba owó mi nígbà tí mo bá fẹ́ ẹ, òun ni ìpìlẹ̀ owó tí a kò fọwọ́ kàn.

Ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn rí

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, kéde ní alẹ́ pé láti òru ọjọ́ náà, 500 àti 1,000 rúpì kì í ṣe owó mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná ni owó méjèèjì yìí. Ó ní kí àwọn tí ó kó owó ìwà ìbàjẹ́ pamọ́ lè pàdánù rẹ̀ ni. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ wọn ṣírò rẹ̀ tán, ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó padà wọlé: àwọn tí ń fi owó pamọ́ mọ ọ̀nà àbáyọ, aláìní ni kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo èyí ti wà lákọsílẹ̀ ní ọdún 2018, ọdún mẹ́rin kí tiwa tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ fi Kẹ́ńyà wé e. M-Pesa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2007, kò sì sí ẹni tí ó fòfin de ṣílè bébà kí ó lè gbilẹ̀. Ìsọ̀ kéékèèké ni wọ́n tò sí ìkóríta àti abúlé, níbi tí ènìyàn ti lè fi owó bébà wọlé, tí ó sì lè gbà á padà nígbà tí ó bá wù ú. Nítorí pé owó orí fóònù ń tètè padà di owó ọwọ́, ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ láti fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Swídìn ni ó sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ni báńkì kan ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọdún 1661. Ibẹ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ tán, pàápàá láti ọdún 2012 tí wọ́n ti ń fi fóònù sanwó nípasẹ̀ Swish. Síbẹ̀, láti ọdún 2020 ni òfin ti ní kí àwọn báńkì ńlá ibẹ̀ rí i dájú pé ará ìlú ń rí owó bébà gbà, nígbà tí ọdún 2024 sì ń parí, ìjọba fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé gbogbo pé, nítorí ogun tàbí àjálù, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tọ́jú owó bébà tí yóò tó o ná fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó.

Èyí tí ó kù

Ní tiwa, àṣẹ tí wọ́n ní yóò gba owó bébà kúrò lọ́wọ́ wa, òun ni ó kọ́ wa láti so ó mọ́ra. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, owó tí ó wà nígboro ti kọjá tírílíọ̀nù 5 náírà. Ọ̀wọ́n ọjà dá kún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, a sá.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá tún fẹ́ dín owó bébà kù, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ sí abúlé tí ó jìnnà jù lọ ní ọjọ́ ọjà, kí ó ra ẹ̀fọ́ 500 náírà pẹ̀lú fóònù. Bí ó bá rí i rà kí ẹ̀fọ́ tó rọ, kí ó padà wálé wá ṣòfin.

Aláta tí mo ń bá nájà ti lẹ páálí kan mọ́ òpó ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, ó fi ẹfun kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí i gàdàgbà-gàdàgbà. Bí mo bá ti san tiransifá, yóò ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, kí ó wọlé," yóò sì tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ títí yóò fi dún. Lábẹ́ páálí náà ni igbá tí ó ń da owó bébà sí wà, níbi tí ó ti wà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó la ọ̀nà kejì, kò sì dí àkọ́kọ́.