Àpótí onígi méjì ń tà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ń mú un là

Àpótí kékeré kan wà nílé wa tí mo rà fún ìyá mi kó lè máa kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sí. Ara rẹ̀ funfun, ìdérí rẹ̀ dúdú, ẹni tó sì ṣe é fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dábùú ìdérí náà. Kò sẹ́ni tó rí i tí kì í béèrè ibi tí mo ti rà á. Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé tí ìdérí là gbọọrọ, tí orí ìlà funfun kan sì yọ síta létí rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ bọ́. Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, àwọn tó ń béèrè náà ò sì débẹ̀.

Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ohun èlò ilé, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Igi méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra wà lára ohun tó lè jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kékeré gba owó tó ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tuntun. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fi sára igi ló ń tà á. Ó sàn ju ká fi àwọ̀ kun arère ká wá máa pè é ní ọ̀gànwó, ìwà tí mo rò pé ojú àwọn oníbàárà ti là sí.

Ilẹ̀ wa ò sì tòṣì igi. Arère, tí àwọn onígẹdú tún ń pè ní obeche, àti afárá funfun díẹ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó. Ọ̀gànwó àti igi apá pọ́n rúsúrúsú, osùn pupa fòò, mansóníà sì ní àwọ̀ bíi ti kòkó. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dùn ún wò tó afárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mansóníà.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ tí wọ́n la igi kọ́ ló máa wà níbẹ̀ títí. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń ní àwọ̀ oyin, àmọ́ bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń dúdú sí i. Ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ ọ̀gànwó nítorí pé ọ̀kan mọ́lẹ̀ tí èkejì pọ́n, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, onílé lè má mọ̀ mọ́ pé igi méjì lòun sanwó fún. Pupa osùn máa ń ṣá nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn títí táá fi di àwọ̀ ilẹ̀. Mansóníà náà ń ṣá. Ẹ gé ègé kan lára pákó yín, ẹ fi páálí bo ìdajì rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn fún oṣù kan. Bẹ́ ẹ bá ṣí páálí náà, ẹ ó rí ohun tí oníbàárà yín máa bá lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Omi inú igi ni wàhálà tó pọ̀ jù. Igi máa ń fa omi mu lákòókò òjò, á sì tú u sílẹ̀ lákòókò ọyẹ́. Bó bá ń fà á, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń wú. Bó bá ń tú u sílẹ̀, fífẹ̀ yẹn náà ló ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nígbà tí mo gbé àpótí ìyá mi lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó mọṣẹ́, ó yí i sódì, ó sì fi ìka tọ́ ibi tí ìlà funfun yẹn dábùú ìdérí. Wọ́n ti fi góòmù lẹ̀ ẹ́ pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdérí fẹ́ sún kì, ìlà tó dábùú rẹ̀ ò gbà fún un, ni igi bá là. Ká ní ìlà náà bá ìdérí rìn lọ sí ibì kan náà ni, tàbí kó jẹ́ pé àárín rẹ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀, bóyá kì bá tí là.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà bà á jẹ́ ni pé kí igi kan ti gbẹ dáadáa, kí èkejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti igbó. Ẹ kó méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Ẹ gé ègé kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ iye tó wọ̀n sí i lára. Ọjọ́ tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ni kẹ́ ẹ tó mú ayùn. Èyí tó ń lọ sílé ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tún nílò àmójútó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ amúlémóoru tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà òtútù máa ń gbẹ igi bí ọyẹ́ tiwa.

Bẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha á, arère rọ̀ ju igi apá lọ, ó sì máa ń jìn wọnú ju ìyẹn lọ. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ sáńpépà náà. Eruku osùn tún máa ń wọ ara igi funfun, á sì di pupa pátápátá bí ohun tí ẹ fi kùn ún bá ní ọtí nínú. Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì bo igi funfun náà kẹ́ ẹ tó fi sáńpépà ha osùn. Ní ti mansóníà, eruku rẹ̀ máa ń dá sísín sílẹ̀, ó sì lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bo imú yín, kẹ́ ẹ bo ti ọmọṣẹ́ yín náà.

Ẹ má ra pákó odindi nítorí igi kejì yìí. Ibi ìdìmú, etí tábìlì àti ìlà ara ìdérí ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, àwọn ègé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ àga àti ilẹ̀kùn sì tó fún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dáná sun wọ́n ni ẹlòmíràn ti ń fi wọ́n ṣe àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta igi fún ará òkè òkun, ẹ tún rántí pé níbi ìpàdé CITES tí wọ́n ṣe ní Panama ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fi igi apá, ọ̀gànwó àti ìdílé osùn ilẹ̀ Áfíríkà sára igi tí gẹdú àti pákó wọn ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè bọ́rọ̀ ṣe kan ọjà tiyín lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gba owó oníbàárà.