Ìdí Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Fi Kúrò ní Èkó Lọ sí Ọ̀yọ́

Iṣẹ́ tí Pọ́ọ̀lù gbé lé Tímótíù lọ́wọ́ nínú 2 Tímótíù 2:2 ni iṣẹ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì títí di òní: kí ìran kan kọ́ ìran tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ó yẹ kí a ti kọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run? Ṣé ní ìlú ńlá ni, tàbí láàárín àwọn tí a ó rán an sí? Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ dojú kọ ìbéèrè yìí nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin.

Láti 1827 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ti wà ní Freetown, níbi tí Àjàyí Crowther ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1876, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba oyè láì kọjá òkun. Isaac Olúwọlé kàwé níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀gá Grammar School ti CMS ní Èkó láti 1879 títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló lè rin ìrìn-àjò dé Freetown.

Nítorí náà ni CMS ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Abẹ́òkúta fún àwọn olùkọ́ àti ajíhìnrere. Ibẹ̀ ni Samuel Johnson ti kàwé. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, wọ́n kó ẹrù àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n sì lé wọn jáde ní ìlú. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wá ṣí lọ sí Èkó.

Èkó dára, ṣùgbọ́n ó ní ìdẹwò tirẹ̀. Ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń wá akọ̀wé, owó tí wọ́n sì ń san ju ti olùkọ́ ìjọ lọ. Iṣẹ́ sì pọ̀ ní ilẹ̀ òkè. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti tú ọ̀pọ̀ ìlú ká. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà ìṣòwò tí Ìjẹ̀bú ti sé tẹ́lẹ̀, títí kan èyí tó gba Ìkòròdú lọ sí Ìbàdàn, wá ṣí sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ìbọn ló ṣí ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní Bíbélì. Olùkọ́ ni wọ́n nílò.

Ní 1896, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's. Rélùwéè kò tíì dé Ìbàdàn nígbà náà. Èrò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí ariwo Èkó, kí ó sì gbé láàárín àwọn tí yóò sìn. Samuel Johnson ni pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ lákòókò yìí. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kó jọ láti ẹnu àwọn àgbà. Ọ̀mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó jókòó ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1898, àwọn Onítẹ̀bọmi náà bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìpinnu yìí ní ewu tirẹ̀. Bí a bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí ìlú ńlá, a lè tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ tó kéré, kí a sì máa pe ìyẹn ní ìrẹ̀lẹ̀. Johnson fi hàn wá pé ìmọ̀ jíjinlẹ̀ àti ìsúnmọ́ ènìyàn lè gbé inú ẹnì kan ṣoṣo.

Lónìí, Ìkòròdú ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2022, Ẹ̀pẹ́ sì ní Yunifásítì Augustine ti ìjọ Kátólíìkì. Ibi tí ọmọ ogun ti gúnlẹ̀ nígbà kan ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá ìmọ̀ sí. Pásítọ̀ tí a bá rán sí àárín wọn gbọ́dọ̀ kàwé tó láti dáhùn ìbéèrè wọn, kí ó sì sún mọ́ wọn tó láti kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè náà.