Ọmọ Oko, Ọmọ Ìlú, àti Ọ̀ràn Ọ́tísímù

Ọmọ tí ó pé ọdún 3 tí kò fọhùn, tí kì í sì í wo ojú ìyá rẹ̀, lè ní ọ́tísímù, ipò àbímọ́ni tí Dókítà Leo Kanner ṣàlàyé fún aráyé ní ọdún 1943.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Denmark kéde pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú ńlá ni a ti ń rí i jù. Ṣé ìlú ni ó ń fà á ni? Ẹ má ṣe yára gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí dókítà bá pọ̀ sí ni a ti ń tètè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ẹ wo Chanchaga, ìjọba ìbílẹ̀ tí Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, wà. Ìyá tí ń gbé àárín ìlú súnmọ́ ilé ìwòsàn. Èyí tí ń ti oko bọ̀ yóò kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé máa béèrè bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí a kò dá mọ̀, báwo ni a óò ṣe ràn án lọ́wọ́?