Òógùn, Ìwárìrì àti Òòyì Lẹ́nu Iṣẹ́: Ṣé Ṣúgà Ara Ló Já Wálẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà àti Sáńgò, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: báwo la ṣe ń mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti já wálẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago mẹ́ta òru ti lù. Ẹnì kan nídìí ẹ̀rọ dédé ń làágùn ṣinṣin, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ebi sì ń pa á gan-an. Láìpẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó sì ń bínú láìnídìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ní ó ti mutí yó, tàbí pé oorun ló ń kùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ṣúgà ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọ́n jù, gìrì lè mú ẹni náà, ó lè dákú, ó sì lè kú.

Ṣùgbọ́n ibà, àárẹ̀ àti ooru náà máa ń fa irú àmì báyìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Allen Whipple, là á sílẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kí àmì wà, kí àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà kéré lásìkò náà gan-an, kí àmì sì lọ nígbà tí ṣúgà bá gòkè. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́.

Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìka bá fi ohun tó dín sí 70 mg/dL hàn (àwọn ẹ̀rọ mìíràn á kọ 3.9), ó ti kéré nìyẹn. Tó bá dín sí 54, ewu ńlá ni.

Ẹ fún un ní ṣúgà tó tó gíráàmù 15 lójú ẹsẹ̀: ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi, tàbí ìdajì ìgò kékeré ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí tí kò ní ṣúgà kò wúlò níbí o. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Tó bá ṣì kéré, ẹ tún un fún un. Tó bá ti gòkè, kó jẹun gidi. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró, ẹ fún un ní ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìwádìí ló kù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ló ṣẹlẹ̀? Kí lẹ jẹ kẹ́yìn? Oògùn wo lẹ lò? Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì àti oògùn bíi glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù bí ẹ bá lò ó tí ẹ kò jẹun, tàbí tí iṣẹ́ agbára pọ̀. Ṣúgà tí Daonil bá fà wálẹ̀ lè tún já lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ògógóró lórí ikùn òfìfo náà ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú ṣúgà sílẹ̀. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu pẹ̀lú. Ẹ má tijú.

Ẹ má sì dá oògùn yín dúró fúnra yín. Bí iṣẹ́ yín bá yí láti ọ̀sán sí òru, ẹ sọ fún dókítà kó bá yín tún aago oògùn àti oúnjẹ tò. Ẹ fi ṣúgà sápò, kí ẹnì kan nídìí iṣẹ́ sì mọ ipò yín.