Ìsinmi Nìkan Kọ́ Ni Ọdún

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe oṣù méjìlá àti àjọ̀dún tí ń padà wá nígbà tí oṣù náà bá pé: ọdún ni. Àìlọ́rọ̀ kọ́ ló fà á. Lójú àwọn baba wa, ọdún Ògún, ọdún eégún àti ọdún iṣu tuntun ni ó ń jẹ́ kí ilé mọ̀ pé ìgbà ti yí po.

Lónìí, kàlẹ́ńdà ìjọba ni a ń wò. Ọdún tuntun ló ṣáájú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, a ń rántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú. Ọdún Àjíǹde tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ 27 oṣù náà sì jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni ti ìjọba tiwa-n-tiwa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ti òmìnira tí a gbà ní 1960. Kérésìmesì ló kẹ́yìn. Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti ọjọ́ ìbí Ànábì kò ní ọjọ́ kan pàtó nínú rẹ̀, nítorí oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni ọdún? Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, igbe àgbò ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ará Mushin. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, àwọn ìyá yóò ti máa wá aṣọ ọmọ kiri ọjà Yaba. Bí ọjọ́ náà bá pé, a ó gbé oúnjẹ fún aládùúgbò, a ó sì kí ara wa pé, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.” Ta ni ó ń kí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà? Mo bi ọmọ kan ládùúgbò wa ní Surulere léèrè ohun tí ọjọ́ náà jẹ́. Ó ní, “Ọjọ́ tí a kì í lọ sílé ìwé ni, sà.” Ó sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

Èyí dùn mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nídìí ọjọ́ náà. Ní 1993, àwọn ènìyàn tò láti dìbò, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ń borí kí ìjọba ológun tó fagi lé ìbò náà. Àwọn kan kú nínú ìwọ́de ní Èkó. Olóyè náà fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ìjọba lè fún wa ní ìsinmi. Kò lè bá wa sọ ọ́ di ọdún. Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní 2023, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló fún Ojúẹlẹ́gbá lórúkọ, ọ̀pọ̀ sì ń wọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ láì mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ tí a kò pìtàn rẹ̀ ti ń rí nìyẹn: orúkọ a wà, ìdí rẹ̀ a sọnù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó tò láti dìbò ní 1993 ń bẹ nínú ilé púpọ̀ ní Yaba, Mushin àti Surulere. Bí ọjọ́ náà bá tún dé, kí ó pe àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n jẹun, kí ó sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà náà ni a ó lè kí ara wa pé, ẹ kú ọdún.